Nada Yóógà: Àṣàrò tí wọ́n ń fi ìró inú etí ṣe

Bí ènìyàn bá fi ìka di etí rẹ̀ méjèèjì pinpin níbi tó dákẹ́ rọ́rọ́, kò ní í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ìró kan tí kò ti ìta wá. Ìró yìí ni àwọn onímọ̀ yóógà ilẹ̀ Íńdíà sọ di irinṣẹ́ àṣàrò, nada ni wọ́n sì ń pè é. Ìró tí nǹkan méjì kọlura kó tó dún, bí ọ̀pá àti awọ ìlù, kọ́ ni wọ́n ń wí. Èyí tó ń dún láìsí ẹni tó lu ohunkóhun, tí wọ́n ń pè ní anahata, ni alásàrò ń wá.

Svatmarama ṣàlàyé rẹ̀ nínú Hatha Yoga Pradipika, ìwé tó kọ láàárín ọdún 1400 sí 1500. Orí kẹrin ìwé náà ní kí alásàrò jókòó, kí ó di etí, ojú, imú àti ẹnu, kí ó sì máa fetí ọ̀tún gbọ́ ohun tó ń dún nínú. Ìró ńlá ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, bíi ti òkun, àrá àti ìlù. Tó bá yá, yóò di ti agogo àti ìwo. Nígbẹ̀yìn, yóò tín-ín-rín bíi ṣaworo, fèrè àti oyin tó ń kùn. Bí ọkàn bá padà sórí ìró ńlá, kò sí àléébù, bí kò bá ṣáà ti ṣáko lọ síbòmíràn. Svatmarama fi ọkàn wé erin tó ń jà ràn-ìn nínú ọgbà, ó sì fi ìró náà wé irin mímú tí a fi ń darí rẹ̀. Òpin ọ̀nà náà ni ìgbà tí ìró fúnra rẹ̀ bá tán.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn kò jiyàn pé ìró ń bẹ. Ní ọdún 1953, Heller àti Bergman ní Amẹ́ríkà fi ènìyàn 80 tí etí wọn dá ṣáṣá sínú yàrá tí ariwo kò lè wọ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ló sì gbọ́ nǹkan.

Ṣùgbọ́n ìró tí ènìyàn fúnra rẹ̀ lọ wá yàtọ̀ sí èyí tó ń han létí tọ̀sán-tòru. Ariwo ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ tàbí oògùn ibà bíi quinine lè fa irú èyí. Bó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń dún, ìbáà ṣe ọ̀tún tí Svatmarama dárúkọ, tàbí tó ń lù bí ọkàn ṣe ń lù, tàbí tí òòyì ń kọ́ni pẹ̀lú rẹ̀, dókítà elétí ni kí wọ́n lọ bá, kì í ṣe olùkọ́ yóógà. Ẹni tí kò bá sì ní olùkọ́, kó má ṣe di imú rárá. Etí nìkan ti tó.