Ìmọ́lẹ̀ Ọ̀dẹ̀dẹ̀, Òkùnkùn Ìyẹ̀wù: Ilé Kíkọ́ ní Ìbàràpá

Ní ìlú méjèèje Ìbàràpá, ìyẹn Igbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Àyétẹ́, Tápà àti Igangan, agbo ilé ni wọ́n ń gbé láyé àtijọ́. Yàrá tò yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì na iwájú gbogbo wọn já. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dirun, tí wọ́n ti ń rànwú, tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gúsí. Ojú àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, etí òrùlé tó wálẹ̀ débi pé àgbàlagbà ní láti bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé kì í sì í jẹ́ kí oòrùn ta síni lára. Ìyẹ̀wù ṣókùnkùn ní tirẹ̀, ihò kékeré ni fèrèsé rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ ní. Àìmọ̀ọ́kọ́ kọ́ nìyẹn: oorun àti ẹrù ni wọ́n fi í ṣe, òkùnkùn ló sì ń mú un tutù.

Mọlémọlé á fi ẹsẹ̀ po amọ̀, á mọ ọ́n ní ipele kan, á jẹ́ kó gbẹ kó tó gbé òmíràn lé e. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ògiri tó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan yóò máa mu ooru láti àárọ̀. Kí ooru náà tó yọ sínú yàrá, ilẹ̀ ti ṣú, afẹ́fẹ́ tútù ti dé. Nígbà ọyẹ́, ooru yìí kan náà ló ń dùn mọ́ni lóru. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi ń bo òrùlé. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ń dá ooru dúró. Àmọ́ ó ń jẹrà, iná ẹ̀ẹ̀rùn sì lè jó odindi agbo ilé.

Ẹ̀rù iná yìí wà lára ohun tó mú kí páànù tà. Reluwé tó bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ọjà òkè òkun sì túbọ̀ rọrùn láti rí. Páànù kì í jóná, kì í jẹrà, ṣùgbọ́n tín-ínrín ni, ooru ń gba inú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ tààrà. Fèrèsé gbòòrò sí i, àgbàlá ń pòórá, ìmọ́lẹ̀ àti ooru sì jọ wọ ìyẹ̀wù pọ̀.

Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew, àwọn ayàwòrán ilé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ya àwòrán ilé fún Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ìṣòro yìí gan-an ló wà níwájú wọn. Ilé tóóró ni wọ́n kọ́, kí atẹ́gùn lè là á já, wọ́n sì fi ògiri oníhò bo ojú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ wọlé kí ìtànṣán dúró síta. Ìwé wọn lórí ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ olóoru jáde ní 1956. Ní agbègbè yìí, oòrùn ń kọjá lórí ẹni gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin àti ti oṣù kẹsàn-án. Láàárín méjèèjì, apá àríwá ló ń gbà kọjá lọ́sàn-án. Nítorí náà ìhà gúúsù nìkan kọ́ ló nílò ìbòjì, òrùlé sì ni oòrùn ń nà jù. Agbo ilé àtijọ́ ti fi etí òrùlé rẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ ìbòjì yípo yípo.