Odò Náílì àti Ilẹ̀ Dúdú Íjíbítì

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa kọ ọ́ nínú ìdánwò pé ẹrẹ̀ odò Náílì ni ó sọ Íjíbítì di ilẹ̀ ọlọ́ràá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kù síbì kan.

Àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ pe etí odò ní Kemet, èyí ni ilẹ̀ dúdú. Wọ́n pe aṣálẹ̀ ní Deshret, èyí ni ilẹ̀ pupa. Òjò kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án ni òjò líle máa ń rọ̀ lórí àwọn òkè Etiópíà, tí àgbàrá sì ń gbá erùpẹ̀ ibẹ̀ sínú Náílì Búlúù àti odò Atbara. Nígbà tí odò bá kún bo oko ní Íjíbítì, àwọn àgbẹ̀ a fi ògiri amọ̀ dá omi dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹrẹ̀ lè rọlẹ̀. Bí omi bá ti fà, wọn a gbin àlìkámà àti báálì.

Iṣẹ́ kejì tí omi yìí ń ṣe ni a sábà máa ń gbàgbé. Nínú aṣálẹ̀, oòrùn a máa fa omi jáde láti inú ilẹ̀, iyọ̀ a sì ṣẹ́kù. Àkúnya ọdọọdún ni ó ń fọ iyọ̀ náà kúrò. Ẹrẹ̀ ń bọ́ ilẹ̀, omi ń wẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ni ilẹ̀ tí a ti ń dá oko sí fún ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún kò fi ṣá.

Síbẹ̀, àkúnya kì í dọ́gba. Bí ó bá kéré, ìyàn mú; bí ó bá pọ̀ jù, abúlé a wó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ́ òpó ìwọn-omi sí erékùṣù Roda ní Káírò ní ọdún 861. Láàrin ọdún 1960 sí 1970, ìjọba Íjíbítì kọ́ ìsédò ńlá sí Aswan. Ó pèsè iná mànàmáná, ó sì gba orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́ ìyàn nígbà ọ̀dá ọdún 1984. Ṣùgbọ́n inú adágún Nasser ni ẹrẹ̀ ń rọlẹ̀ sí báyìí. Àgbẹ̀ ń ra ajílẹ̀, wọ́n sì ní láti la ojú omi sábẹ́ oko kí iyọ̀ má baà pa irè.

Ohun tí odò ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí a ń fi owó ṣe. Ẹni tí yóò bá dá ẹjọ́ ìsédò Aswan, kí ó gbé méjèèjì lé ìwọ̀n.