Bí Àwọn Apẹja Ṣe Di Alágbàwí Ekurá

Àwọn àgbà a máa wí pé ọ̀kánjúwà pẹ̀lú olè, déédé ni wọ́n jẹ́. Òwe náà le létí, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni. Olè a máa mú ohun ẹni tí ó wà láàyè. Ọ̀kánjúwà ẹ̀wẹ̀ a máa jẹ ohun tí ó tọ́ sí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín ní orí yìí jẹ́ ìtàn ẹja kan tí ọ̀kánjúwà ọmọ ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run ní òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó sì jẹ́ ìtàn àwọn apẹja tálákà tí wọ́n gbà láti dáàbò bò ó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń rí oúnjẹ òòjọ́ wọn.

Ekurá ni orúkọ ẹja náà. Àwọn mìíràn a máa pè é ní àkùrákùdà. Irú rẹ̀ tí ó wà nínú òkun gbogbo ayé ju 500 lọ. Kò ní egungun líle bí àwọn ẹja tí a ń rí lọ́jà. Kerekere, irú èyí tí ó wà ní etí wa, ni ó gbé ara rẹ̀ ró. Àwọn onímọ̀ sọ fún wa pé ó ti lé ní mílíọ̀nù 400 ọdún tí irú ẹja yìí ti wà nínú omi, kí igi tó hù di igbó lórí ilẹ̀. Ẹ̀yà kan wà nínú wọn tí í máa fi òkun sílẹ̀ tí í sì wọ inú odò aláìníyọ̀ lọ. Ẹ̀yà mìíràn, tí ó tóbi ju gbogbo ẹja ayé lọ, kì í jẹ ènìyàn rárá. Ohun wíńtínwíńtín inú omi ni oúnjẹ rẹ̀.

Ẹ̀rù ekurá ń ba ọmọ ènìyàn, èyí kò sì yani lẹ́nu, nítorí eyín rẹ̀ mú bí abẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi òṣùwọ̀n òtítọ́ wọn ọ̀ràn náà. Àwọn ènìyàn tí ekurá ń pa ní gbogbo ayé lọ́dún kan kì í sábà tó 15. Ní ti ekurá tí ọmọ ènìyàn ń pa, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé ó tó mílíọ̀nù 100 lọ́dún kan. Ta ni ó yẹ kí ó máa sá fún ẹnì kejì?

Bí ekurá ṣe ń bímọ ni ó mú kí ìpakúpa yìí léwu púpọ̀. Ẹja mìíràn a máa yé ẹyin lọ́pọ̀ ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé bí a tilẹ̀ kó púpọ̀ nínú wọn, àwọn tí ó kù yóò tún kún omi. Ekurá kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa lò tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó dàgbà tó láti bímọ. Èyí tí orí rẹ̀ dà bí òòlù a máa gbé oyún fún bí oṣù 10, bí ìyá ọmọ ènìyàn, ọmọ díẹ̀ ni ó sì ń bí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pa ekurá bí ẹni tí ń pa ẹja ṣàwá, irúgbìn ni ó ń jẹ. Àgbẹ̀ tí ó bá se gbogbo èbù iṣu rẹ̀ jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ni yóò gbìn nígbà tí òjò bá dé?

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á wo bí ọ̀ràn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè wa. Láyé àtijọ́, àwọn apẹja etí òkun láti Moriténíà títí dé Gíní kì í sábà dọdẹ ekurá. Bí ó bá kó sínú àwọ̀n wọn, wọn a jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1970, àwọn apẹja àti oníṣòwò láti orílẹ̀-èdè Gánà tẹ̀dó sí etí òkun Gáńbíà àti gúúsù Sẹ̀nẹ̀gà. Wọ́n ń pa ekurá, wọ́n ń fi iyọ̀ sí i, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n sì ń kó o lọ tà ní ilẹ̀ wọn. Títí dé ibẹ̀, oúnjẹ ni, ẹnikẹ́ni kò sì lè dá ẹni tí ń wá oúnjẹ lẹ́bi.

Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, ọ̀ràn náà yí padà. Àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Éṣíà, pàápàá ní Ṣáínà, fẹ́ràn ọbẹ̀ tí a fi lẹbẹ ekurá sè, tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ níbi ìgbéyàwó àti àsè ńlá láti fi ọlá wọn hàn. Owó lẹbẹ gbówó lórí, ó sì fi iye owó ẹran ẹja náà sílẹ̀ jìnnàjìnnà. Ibẹ̀ ni ìwà ìkà wọ̀ ọ́. Àwọn kan a mú ekurá láàyè, wọn a gé lẹbẹ rẹ̀, wọn a sì ju ara tí ó kù padà sínú òkun. Ẹja tí kò ní lẹbẹ kò lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Ìsàlẹ̀ omi ni yóò rì sí, níbẹ̀ ni yóò sì kú sí. Láàárín bí 30 ọdún, àwọn apẹja fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣàkíyèsí pé àwọn ń lọ jìnnà sí i, pé ohun tí àwọn ń rí ń kéré sí i, àti pé ọmọ ekurá tí kò tíì bímọ rí ni ó ń kún inú ọkọ̀ wọn.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ẹ̀yin fúnra yín lè fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó ti ìlú Kútọnu dé, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fi owó sẹ́fà hàn yín. Ẹ ó rí àwòrán ẹja kan lára rẹ̀. Ẹja abẹnu-bí-ayùn ni, ìbátan ekurá. Láti ara òṣùwọ̀n wúrà àwọn ará Àṣàǹtí ni a ti mú àwòrán náà. Láyé àtijọ́ ẹja yìí wọ́pọ̀ ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti ní ẹnu àwọn odò rẹ̀. Lónìí, agbára káká ni apẹja fi lè rí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe di pé ẹja tí àwọn bàbá mọ̀ nínú omi, lára owó ni àwọn ọmọ ti ń mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1985, àwọn orílẹ̀-èdè kan ní etí òkun náà dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa mójútó ọ̀ràn ẹja pípa. Ìlú Dákà ni olú-ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní ọdún 2001 àjọ náà gbé ìlànà kan kalẹ̀ fún ìdáàbòbò ekurá. Ṣùgbọ́n ìwé àti òfin kì í fúnra wọn wọ inú ọkọ̀ lọ sójú òkun. Ènìyàn ni yóò gbé wọn lọ. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí á rántí àwọn Imraguen.

Àwọn Imraguen jẹ́ apẹja tí ń gbé ní etí òkun Moriténíà, níbi tí aṣálẹ̀ ti pàdé omi iyọ̀. Ní ọdún 1976 ìjọba ya apá kan ibẹ̀ sọ́tọ̀, tí ó tó 12,000 kìlómítà níbùú lóròó, wọ́n sì pè é ní Banc d'Arguin. Àwọn Imraguen nìkan ni a gbà láàyè láti pẹja níbẹ̀, ọkọ̀ onígbòkun tí kò ní ẹ́ńjìnnì sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò. Síbẹ̀, òórùn owó lẹbẹ wọ inú ọgbà náà. Àwọn oníṣòwò dé, àwọn apẹja sì ra àwọ̀n tí a ń fi mú ekurá. Nígbà tí ewu náà hàn gbangba, àwọn alákòóso ọgbà náà kò kàn rán ọlọ́pàá lọ. Wọ́n pe àwọn ará abúlé jọ, wọ́n jọ jókòó, wọ́n jọ jíròrò. Ní ọdún 1998 wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ ju 114 lọ. Ní ọdún 2003 wọ́n tún gbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dọdẹ ekurá nínú ọgbà náà mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ adáàbòbo ṣe ìrànwọ́, a sì ra àwọ̀n ekurá padà lọ́wọ́ àwọn apẹja, kí ìpinnu rere má baà sọ ilé wọn di ilé ebi.

Èmi kò sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ti yanjú níbẹ̀. Ekurá a ṣì máa kó sínú àwọ̀n ẹja mìíràn, ìdánwò owó kò sì tíì tán. Ṣùgbọ́n ohun ńlá ni pé àwọn tí òfin náà yóò dùn jùlọ ni wọ́n fọwọ́ sí i.

Ní erékùṣù Bijagós, ní Gíní-Bìsáù, irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ wà pẹ̀lú. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ a máa wọ agọ̀ tí ó ní àwòrán ẹja abẹnu-bí-ayùn nígbà tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọn bá ń jó ijó ìgbà èwe. Ẹni tí ó ń fi ẹja jó, kò ṣòro láti mú kí ó ye é pé ẹja náà kò gbọ́dọ̀ parun. Ní ọdún 2005 a ya àwọn erékùṣù Urok sọ́tọ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì wà lára àwọn tí ń ṣe àkóso rẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í pa ẹja odò Ọ̀ṣun nínú igbó mímọ́ tí ó wà ní Òṣogbo? Àwọn baba wa mọ̀ pé ibi kan gbọ́dọ̀ wà tí ọwọ́ kì í kàn.

Ní ayé tí ó gbòòrò ju tiwa lọ, àwọn gbáàtúù ni wọ́n mú ọ̀ràn náà tẹ̀ síwájú. Ní ọdún 2006, Yao Ming, agbábọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Ṣáínà, kéde fún àwọn ará ìlú rẹ̀ pé òun kò ní jẹ ọbẹ̀ lẹbẹ ekurá mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2012 ìjọba ilẹ̀ náà sọ pé àwọn yóò yọ ọ́ kúrò níbi àsè ìjọba, wọ́n sì fi àṣẹ lé e lórí ní ọdún 2013. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn tí ó lé ní mílíọ̀nù 1 fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ kan tí a gbé síwájú àwọn aláṣẹ ní ọdún 2023, pé kí a fòpin sí òwò lẹbẹ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ní ìlú Panama, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí àdéhùn òwò ẹranko ìgbẹ́ fi ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ekurá kún àwọn ohun tí a kò gbọ́dọ̀ tà sókè òkun láìgba ìwé àṣẹ. Nàìjíríà wà nínú àdéhùn yìí láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1975.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè béèrè pé, "Ṣé ó tọ́ kí ebi pa apẹja nítorí ẹja?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí á fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Apẹja Ìlàjẹ tí ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde ní òru ní ọmọ tí yóò san owó ilé-ìwé fún. Bí a bá sọ fún un pé kí ó dá ekurá sí, ó yẹ kí á sọ fún àwọn ọkọ̀ ńlá tí ń wọ́ àwọ̀n ní ìsàlẹ̀ òkun pé kí wọ́n pa òfin mọ́ pẹ̀lú. Òfin ẹja òkun ti ọdún 1992 ní Nàìjíríà sọ pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ nínú máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ láti etí ilẹ̀. Òfin tí a fi de tálákà tí a kò sì fi de ọlọ́rọ̀ kì í ṣe òfin, ìrẹ́jẹ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà ní apá kejì: bí ekurá bá tán, ebi náà yóò ṣì dé, kò sì ní sí ohun tí a ó fi lé e lọ. Ekurá ni ó dà bí ẹkùn nínú òkun. Ó ń pa ẹja tí ó ń ṣàìsàn àti èyí tí ó rẹ̀, ó sì ń mú kí àwọn yòókù wà ní ìwọ̀n. Bí a bá mú un kúrò, kò sí ẹni tí ó lè sọ ohun tí yóò wó tẹ̀lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn lè wí pé, "Àwa ará Akotogbo, àgbẹ̀ inú igbó ni wá; kí ni ó kàn wá nínú ọ̀ràn òkun?" Ẹ jẹ́ kí ẹni bẹ́ẹ̀ wo àwo ọbẹ̀ tí ó fi jẹ púpurú ní alẹ́ àná. Láti Ìgbókòdá àti etí omi Ìlàjẹ ni púpọ̀ nínú ẹja tí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ń jẹ ti ń wá. Omi ilẹ̀ wa sì ń ṣàn lọ bá wọn, títí yóò fi bọ́ sínú òkun. Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ìlú kan kò lè dá ayé gbé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kì í ṣe ti ẹja nìkan. Ní ọdún 2021 àwọn onímọ̀ gbé ìṣirò kan jáde: bí ekurá àti ìbátan rẹ̀ bá jẹ́ 100 nínú agbami òkun ní ọdún 1970, nǹkan bí 29 péré ni ó kù ní ọdún 2018. Ìran tí ó ṣáájú yín ni ó ná 71 yòókù. Ìran yín ni yóò pinnu ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí 29 náà. Nígbà tí ẹ bá di aṣòfin, kí òfin yín má ṣe ojúsàájú. Nígbà tí ẹ bá di oníṣòwò, kí ẹ béèrè ibi tí ọjà yín ti wá. Bí ẹ bá sì di apẹja tàbí àgbẹ̀, kí ẹ rántí àwọn Imraguen, tí wọ́n jókòó yíká, tí wọ́n ro ti ọmọ wọn, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gbé àwọ̀n sílẹ̀ nígbà tí ẹja ṣì kù nínú omi.