Ta Ni Ó Ń Fi Ọba Ṣe Yẹ̀yẹ́?

Ní Paris, lọ́dún 1831, wọ́n gbé Charles Philipon, olóòtú ìwé ìròyìn La Caricature, lọ sílé ẹjọ́ nítorí àwòrán ọba. Níwájú adájọ́, ó ya orí Ọba Louis-Philippe lẹ́ẹ̀mẹrin. Díẹ̀díẹ̀ ni orí náà ń yí padà, títí ó fi di èso píà ilẹ̀ Òyìnbó, tí òkè rẹ̀ tín-ín-rín, tí ìdí rẹ̀ sì tóbi. Ohun tí ó ń sọ ni pé bí jíjọ ọba bá di ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ohun tí a kò lè dá lẹ́bi. Akẹgbẹ́ rẹ̀, Honoré Daumier, ya ọba yìí kan náà bí ọ̀jẹun tí ń gbé owó tálákà mì. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n dá fún un ní 1832. Nígbà tí ó di 1835, òfin dé pé àwòrán kankan kò gbọdọ̀ jáde láìgba àṣẹ ìjọba.

Ní nǹkan bí 60 ọdún lẹ́yìn náà, ọba mìíràn ni Paris ń yà: Béhanzin ti Dahomey. Le Petit Journal, tí ń ta nǹkan bí mílíọ̀nù kan ẹ̀dà lójoojúmọ́, gbé e sí iwájú àfikún aláwòrán rẹ̀ ní 1892. Nínú àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà, òǹrorò tí ń bẹ́ni lórí ni wọ́n fi í hàn. Ẹni tí ó ya èyí kò bẹ̀rù ẹ̀wọ̀n, nítorí ogun tí ìjọba rẹ̀ ń jà ni àwòrán náà ń gbè.

Yorùbá kò ní ìdí láti sunkún Dahomey. Wọ́n gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864. Wọ́n sì pa Kétu run ní 1886. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí Kétu ni Faransé ṣe ja ogun rẹ̀. Ọ̀gágun Dodds wọ Abomey ní 1892. Béhanzin fi ara rẹ̀ sílẹ̀ ní 1894, wọ́n sì kó o lọ sí Martinique. Kétu padà di ìlú, ṣùgbọ́n lábẹ́ àsíá Faransé. Àwa ará Okun mọ irú ìdáǹdè bẹ́ẹ̀: ní 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ṣẹ́gun Bida, a bọ́ lọ́wọ́ Nupe tí ń kó wa lẹ́rú, a sì bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Yẹ̀yẹ́ ọmọ onílé yàtọ̀ sí ti àjèjì. Ẹlẹ́fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ilẹ̀ Kétu a máa fi orin bá alágbára wí lóru, ìlú kan náà ni wọ́n sì jọ ń gbé bí ilẹ̀ bá mọ́. Daumier náà, ọba tirẹ̀ ni ó bá wí, ó sì jìyà rẹ̀. Lónìí tí àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa àwọn ọba wa kún orí fóònù, kí a tó rẹ́rìn-ín, ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ó yà á, àti ohun tí ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ wa.