Tuishou

Tuishou ni ìdánrawò ẹlẹ́nimejì nínú taijiquan, eré ìjà àti ìmárale àwọn ará Ṣáínà. Ìtumọ̀ orúkọ náà ni fífi ọwọ́ ti nǹkan. Àwọn méjì á kojú síra wọn, ọwọ́ wọn á kanra, oníkálukú á sì máa wá bí yóò ṣe yẹ ẹnì kejì lẹ́sẹ̀ láìjẹ́ kí ìdúró tirẹ̀ bàjẹ́.

Láti ọ̀rúndún 17 ni ìdílé Chen ti ń kọ́ taijiquan ní abúlé Chenjiagou, ní Henan. Yang Luchan (1799–1872) kọ́ ọ níbẹ̀, ó sì lọ fi kọ́ni ní Beijing.

Ọwọ́ kan ni akẹ́kọ̀ọ́ tuntun fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ á dúró lójú kan, ọrùn-ọwọ́ á kan ọrùn-ọwọ́, wọn á sì máa yí i róbótó. Bí ẹnì kan bá tì, ẹnì kejì á yí ìbàdí, á jẹ́ kí agbára náà gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á sì tì í padà. Lẹ́yìn èyí ni ọwọ́ méjèèjì àti ìṣe mẹ́rin: peng (ìgbéró), lü (ìfàsẹ́yìn), ji (ìfúnmọ́), àti an (ìtìlọ). Gbígbé ẹsẹ̀ rìn ló kẹ́yìn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ara le gan-an, kí èjìká gbé sókè, tàbí kí a fara ti ẹnì kejì. Ohun tí à ń wá ni ting jin: kí ọwọ́ máa gbọ́ ibi tí agbára ń lọ kó tó débẹ̀.

Ní 2020, UNESCO fi taijiquan sínú àkọsílẹ̀ ogún àṣà àgbáyé tí kì í ṣe ohun àfojúrí.