Tẹ̀sùbáà, Rosárì àti Ẹ̀jẹ̀ Ríru

 

Wọ́n ń pín in kiri lórí fóònù pé ẹni tó bá ń ṣe àṣàrò láràárọ̀ lè da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àṣàrò ṣe yẹ̀yẹ́ náà o, kì í ṣe àjèjì nílẹ̀ wa.

Ẹ wo Ọbaléndé. Àwọn àgbà ní "Ọba lé wa dé ibí" ni ìtumọ̀ orúkọ náà: ìjọba ló ṣí ìran àwọn sójà Hausa ìgbà Glover nídìí, tó lé wọn dé ibẹ̀. Ẹni tí wọ́n lé kúrò nílé, ṣé ọkàn rẹ̀ á balẹ̀? Mùsùlùmí ni púpọ̀ nínú wọn, tẹ̀sùbáà ni wọ́n sì ń kà. Lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé sí Erékùṣù Èkó, rosárì ni. Kí àwọn fadá tó wá fìdí kalẹ̀ ní 1868, Padre Anthonio, tí kì í ṣe fadá rárá, ló ń kó wọn jọ gbàdúrà.

Kí ni kíka ìlẹ̀kẹ̀ ń ṣe lára? Ní 2001, BMJ, ìwé àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé iṣẹ́ Luciano Bernardi ará Ítálì jáde. Èèyàn 23 ni wọ́n ní kí wọ́n ka rosárì lédè Látìn, kí wọ́n sì ka ọ̀rọ̀ àṣàrò àwọn oníyógà. Nínú méjèèjì, mímí wọn rọlẹ̀ dé bí ìgbà 6 ní ìṣẹ́jú kan, ara wọn sì túbọ̀ ń ṣàkóso ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Wọn ò dán tẹ̀sùbáà wò, àmọ́ èmi ò rí ìdí tí yóò fi yàtọ̀, bí a bá ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. (Ẹni tó ń sáré kà á kó lè tètè dé ọjà, ìyẹn tún yàtọ̀.)

Ní 2014, àwọn onímọ̀ Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà yẹ ìwádìí 47 wò, tí èèyàn tó lé ní 3,500 wà nínú wọn. Àṣàrò dín àníyàn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti ìrora kù níwọ̀nba. Wọn ò rí ẹ̀rí pé ó dára ju oògùn tàbí eré ìdárayá lọ.

Màmá, ẹ lo oògùn yín bí dókítà ṣe kọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ mí sínú díẹ̀díẹ̀, kí mímí síta pẹ́ jù ú lọ, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́wọ́ o, kò sí o. Bí ẹ̀rọ bá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ yín ti ń lọ sílẹ̀, dókítà ni kó dín oògùn náà kù.