Oje Igi, Dúdú Ìdí Ìkòkò, àti Rọ́bà Tí Ń Súnkì

Ẹ̀yin ará mi, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ yìí jìnnà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí tí àwọn oníṣòwò fi ń di owó. Ẹ fi kan ètè yín, kí ẹ sì fà á gùn lójijì. Ẹ ó rí i pé ó gbóná díẹ̀. Ẹ dẹ̀ ẹ́, yóò sì tutù. Afọ́jú kan tí à ń pè ní John Gough, ará Kendal ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ èyí sínú ìwé ní ọdún 1805. Ètè rẹ̀ ni ó fi ríran.

Ní Iffe, ní ilẹ̀ Ìjùmú, àwa ọmọdé kò mọ̀ pé ìmọ̀ ńlá ni a fi ń ṣeré. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ ni a fi ń ṣe kànnàkànnà. Bí ẹyẹ bá sì fò lọ, a ó ní rọ́bà náà ni kò lágbára. Mo rò pé dúdú ni Ọlọ́run dá rọ́bà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Oje tí ó funfun bíi wàrà ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti oje náà. Igi kan wà nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá tí à ń pè ní ìrẹ́. Àwọn baba wa mọ igi náà, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé owó wà lára rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1894, nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ Gómìnà ní Èkó, àwọn ará Góòlù Kóòsì, tí à ń pè ní Gánà lónìí, wá fi bí a ti ń dá igi náà lára hàn wá. Ariwo owó bá ta. Ní ọdún 1895 nìkan, rọ́bà tí ó gba èbúté Èkó jáde lé ní 2,200 tọ́ọ̀nù, owó rẹ̀ sì ju £250,000 lọ. Tọmọdé tàgbà wọ igbó. Wọ́n dá igi lára láti ìdí dé orí, wọ́n tilẹ̀ gé òmíràn lulẹ̀ kí oje lè tètè jáde. Àwọn kan ń po ìdọ̀tí mọ́ ọn kí ó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, igi ìrẹ́ ti kú lọ bẹẹrẹbẹ, òwò náà sì ti wó. Àwọn mìíràn a máa dá òyìnbó lẹ́bi, àwọn mìíràn a máa dá àwọn àlejò láti Góòlù Kóòsì lẹ́bi. Ní tèmi o, ọ̀bẹ ọwọ́ wa ni ó pa igi náà.

Àwa ará Ìjùmú ńkọ́? Nígbà tí àwọn ará ìsàlẹ̀ ń ka owó rọ́bà, àwọn baba wa ń sá gun orí òkè. Àwọn Nupe láti Bídà ni ó ń jẹ gàba lórí ilẹ̀ wa, ènìyàn ni wọ́n sì ń gbà ní ìṣákọ́lẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gba Kábà kọjá, tí wọ́n sì lọ ṣẹ́gun Bídà. Ọdún 1895 kan náà ni ìwé ń kà fún gbogbo wa, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí ń ta oje igi, ọ̀tọ̀ ni ti ẹni tí wọ́n ń tà.

Rọ́bà tí a ń gbìn lónìí kì í ṣe ìrẹ́ mọ́. Igi Bùràsíìlì ni, èyí tí Henry Wickham kó nǹkan bí 70,000 irúgbìn rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1876. Òun ni wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí ní Iyanomo lẹ́bàá Benin láti ọdún 1961.

Ṣùgbọ́n oje nìkan kò tó. Bí ooru bá mú un, a lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí àtè. Bí òtútù bá mú un, a gan. Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà, ni ó rí i ní ọdún 1839 pé bí a bá po imí-ọjọ́ mọ́ ọn, tí a sì fi iná sí i, ara rẹ̀ a le, síbẹ̀ a máa nà. Ẹ fi ojú inú wo òwú gígùn púpọ̀ tí ó lọ́ mọ́ra wọn. Bẹ́ẹ̀ ni inú rọ́bà ti rí, imí-ọjọ́ sì ni ó so òwú kan mọ́ èkejì níhìn-ín lọ́hùn-ún. Bí a bá fà á, àwọn òwú náà a tò gbọọrọ. Bí ooru bá kàn wọ́n, wọn a máa gbọ̀n, wọn a sì fẹ́ padà lọ́ mọ́ra. Ìdí nìyí tí irin fi ń gùn sí i nínú ooru, tí rọ́bà tí a fà sì ń súnkì. Nígbà tí Hermann Staudinger, ará Jámánì, sọ ní ọdún 1920 pé irú okùn gígùn bẹ́ẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò gbà. Ní ọdún 1953 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Wàyí o, níbo ni dúdú ti wá? Ní ọdún 1904, ní Silvertown ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n rí i pé bí a bá po dúdú èéfín iná mọ́ rọ́bà, agbára rẹ̀ a pọ̀ sí i gidigidi. Ẹ̀gbọ́n dúdú yìí ni ó wà ní ìdí ìkòkò ìyá mi àgbà, èyí tí mo fi eérú ha títí ọwọ́ fi ń ta mí! Hóró rẹ̀ kéré púpọ̀. Bí ẹ bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Hóró dúdú náà kò ju nánómítà mẹ́wàá-mẹ́wàá mélòó kan lọ. Nítorí kíkéré yìí ni ó ṣe lè di àwọn òwú náà mú níbi púpọ̀.

Ní ọdún 1991, Sumio Iijima ní Japan ṣàpèjúwe irú èédú kan tí ó rí bí ọ̀pá ihò, tí ó tínrín ju irun lọ ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ kan ní Dayton ní Amẹ́ríkà po díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ ike rírọ̀ tí ń nà bíi rọ́bà. Wọ́n fà á, ó sì dúró bí wọ́n ti fà á. Wọ́n tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí sí i láti òkèèrè: èédú gba ooru náà, ike náà súnkì padà, ó sì gbé ẹrù. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí okùn iná. Láti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ti ń wá ọwọ́ rírọ̀ tí yóò lè mú tòmátì láì tẹ̀ ẹ́ fọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú yàrá ìwádìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ṣì wà.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní kọ́bọ́ọ̀dù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ju eruku lọ. Mo so òkúta kékeré mọ́ rọ́bà kẹ̀kẹ́, mo gbé e kọ́ ara ìgànná, mo sì gbé fìtílà súnmọ́ rọ́bà náà, kì í ṣe pé kí iná kàn án o. Mo ní kí àwọn ọmọ sọ ibi tí òkúta yóò lọ. Gbogbo kíláàsì ní, “Ìsàlẹ̀ ni, sà!” Ọmọbìnrin kan ṣoṣo dákẹ́, ó fi ẹ́ńsù sàmì sí ara ògiri níbi tí òkúta wà. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní, “Ẹ wò ó, sà, ó ti kúrò lójú àmì.” Òkè ni ó gbà lọ.